Ojú, Awọ, Etí àti Ọpọlọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Wọn Wò Nílé

Orí mẹ́ta ló sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá): bí ara ṣe ń gba ìmọ̀lára, bí ọpọlọ ṣe ń túmọ̀ ohun tí ara gbà, àti bí ẹ̀dá ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á há orúkọ òyìnbó sórí, á há ọdún sórí, á yege ìdánwò, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi fò lọ. Ó dùn mí, torí kò sí ìmọ̀ tó rọrùn láti fi ara ẹni dán wò tó èyí. Ohun èlò rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sì ni ẹ̀yin fúnra yín.

Ohun kan ló so orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òun ni mo fẹ́ kí ẹ máa wá bí ẹ ṣe ń bá ìtọ́sọ́nà yìí lọ: ìyàtọ̀. Ohun tó wà lójú kan kì í pẹ́ tí ara fi ń mójú kúrò lára rẹ̀. Èyí tó yí padà, tàbí tó yàtọ̀ sí ohun tí ọpọlọ ń retí, òun ni ara ń kíyè sí.

Ẹ wá abọ́ mẹ́ta, ìgò oníke méjì ti 50cl àti méjì ti lítà kan ààbọ̀, ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì, ọ̀rá dúdú, igi ìtayín méjì, rúlà, bíró, ìwé, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti ẹnì kan nínú ilé tí kò ní tètè sú. Bí ẹ bá ní adìẹ, ó máa wúlò lápá ìparí. Òfin kan péré ló wà: kí ẹ tó ṣe ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá rí èsì tán, ẹ̀ ń bọ̀ wá sọ pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: abọ́ omi mẹ́ta

Ẹ to abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì. Ẹ bu omi tútù láti inú fíríìjì sí ti ọwọ́ ọ̀tún, omi gbígbóná tí ara lè gbà sí ti ọwọ́ òsì, kí ẹ sì bu omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ sí ti àárín. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ dán èyí tó gbóná wò bí ìyá ìkókó ṣe ń dán omi ìwẹ̀ wò. Bí ó bá ta yín lára, ẹ fi omi tútù là á.

Ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi wọ́n síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ wá kó méjèèjì sínú abọ́ àárín. Ọwọ́ òsì á ní omi náà tutù. Ọwọ́ ọ̀tún á ní ó gbóná. Omi kan náà ni o! John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àríyànjiyàn láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ohun tó fà á ni pé iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú awọ kì í ṣe tẹmọ́mítà. Bí omi gbígbóná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ kíkankíkan. Bí ìgbóná náà bá wà lójú kan, iṣẹ́ tó ń rán á máa dínkù. Nígbà tí ọwọ́ dé abọ́ àárín, ohun tó sọ fún ọpọlọ ni pé nǹkan ti yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, ó sì sọ ìhà tí ó yí sí.

Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ìgbà tí ó bá kú lójijì lóru ni etí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé ariwo ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn ilé onílé ṣe máa ń kí yín káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ kì í gbọ́ ti ilé tiyín.

Imú ló tètè ń mójú kúrò jù, ewu sì wà níbẹ̀. Gáàsì ìdáná kò ní òórùn tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ń rùn sí i ni. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé, tí ó wá dà bí ẹni pé òórùn náà ti lọ, ẹ má gbà pé gáàsì ti lọ. Imú yín lè ti mọ́ ọn lára. Ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, ẹ má tan iná kankan. Ti èéfín jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: carbon monoxide tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sí ẹ̀yà ara kankan tí ènìyàn fi lè mọ̀ ọ́n. Ìta gbangba, ibi tó jìnnà sí fèrèsé, ni kí jẹnẹrétọ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ

Èyí kò ní ohun èlò. Kí àkókò tí ẹ máa pa gbogbo iná tó tó, ẹ fi aṣọ dúdú di ojú kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ojú kejì ń wo ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá pa iná, ẹ tú aṣọ náà, kí ẹ máa ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ dí ọ̀tún, ẹ wo òsì; ẹ dí òsì, ẹ wo ọ̀tún. Ojú tí ẹ dì á rí àga, á rí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ti ń wo iná kò ní rí ju òkùnkùn lọ.

Irú sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà lẹ́yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tó ń rí àwọ̀, jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́fà nínú ojú kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru tó bíi ọgọ́fà mílíọ̀nù, wọn kò sì mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Ti ọ̀sán ń gbà tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe nínú òkùnkùn. Ti òru lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí yín lójú láàárín àkókò náà, ẹ máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Bí ojú bá ti mọ́ òkùnkùn, ẹ jáde wo ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, á pòórá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á padà. Sẹ́ẹ̀lì òru kò sí ní àárín gbùngbùn ibi tí a fi ń tẹjú mọ́ nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣíbí omi mélòó ni ọwọ́ lè mọ̀?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ẹ wọn omi 200 mílílítà sínú ìgò 50cl kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀rá dúdú wé méjèèjì kí ojú má baà rí ibi tí omi dé. Ṣíbí tíì kan gba omi bíi mílílítà 5, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 5. Ẹni kejì yóò fi ṣíbí omi kan kún ọ̀kan nínú ìgò náà, yóò dì wọ́n padà, yóò ta kọ́ìnì láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin á di ojú. Ọwọ́ kan náà ni kí ẹ fi gbé méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ wá sọ èyí tó wúwo jù. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n dọ́gba, bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lójú yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹni kejì máa kọ èsì sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, láìrẹ́rìn-ín, láìmí orí. Ìmí ẹ̀dùn lásán tó láti tú àṣírí.

Ẹni tó kàn ń méfò á gba bíi márùn-ún nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá gba méje tàbí mẹ́jọ, ọwọ́ yín ti mọ ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣíbí kan kún un, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá mìíràn. Ẹ máa bá a lọ títí ẹ ó fi mọ iye ṣíbí tí ọwọ́ yín nílò.

Ẹ wá bọ́ sórí ìgò ńlá méjì. Lítà omi kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bù sí wọn, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́. Bí ṣíbí méjì bá tó nínú ìgò kékeré, ṣíbí méjì kò ní já mọ́ nǹkan kan nínú ti ńlá. Nǹkan bíi mẹ́wàá ni ẹ máa nílò. Ọwọ́ kò ka iye gíráàmù. Ìdá tí àfikún náà jẹ́ nínú ohun tó wà nílẹ̀ ló ń kà.

Ernst Heinrich Weber ló tẹ èyí jáde ní Leipzig ní Jámánì lọ́dún 1834. Fún ẹrù tí ènìyàn fọwọ́ gbé, ó rí i pé ìdá kan nínú ogójì ti tó kí a mọ ìyàtọ̀: gíráàmù 5 lórí 200, gíráàmù 25 lórí kílò kan. Tiyín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní ìjókòó àkọ́kọ́. Ẹ wò ó bóyá ìdá náà dúró bákan náà nínú ìgò kékeré àti ńlá, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìlú Leipzig kan náà, ní òwúrọ̀ 22 Oṣù Kẹwàá ọdún 1850, Gustav Fechner wà lórí ibùsùn nígbà tó ronú pé ó yẹ kí a lè fi ìṣirò so ohun tó wà níta pọ̀ mọ́ ohun tí ọkàn mọ̀. Ìwé tó kọ lé e jáde ní 1860. Ohun tó sọ ni pé kí ìmọ̀lára tó fi ìgbésẹ̀ kan pọ̀ sí i, ohun tó ń fà á gbọ́dọ̀ di ìlọ́po, kì í kàn ṣe kí a bù díẹ̀ kún un. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yìí ṣì ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà dòní.

Àwọn oníṣòwò kò ka Weber kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Búrẹ́dì tó bá fi ìdajì kéré lọ́jọ́ kan, ìjà ni. Èyí tó ń fi bíńtín kéré, tí ó dúró díẹ̀ kí ó tó tún kéré, ìgbà tí ọmọ bá jẹ méjì tí kò yó ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò.

Kí ẹ tó kó ìgò kúrò nílẹ̀, ẹ ṣe èyí kún un. Ẹ bu omi sínú ìgò kékeré kan àti ìgò ńlá kan títí ìwọ̀n wọn á fi dọ́gba gẹ́lẹ́ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ gbé wọn fún ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Yóò búra pé kékeré ló wúwo jù. Ẹ fi òṣùwọ̀n hàn án, ẹ tún gbé e fún un. Kékeré náà á ṣì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Augustin Charpentier, ará Faransé, kọ nípa rẹ̀ ní 1891. Ojú ti rí ìgò ńlá, ọpọlọ ti ń retí ẹrù ńlá. Bí ẹrù náà bá wá fúyẹ́ ju ohun tó ń retí, ó di fífúyẹ́ gan-an. Ẹ kíyè sí i pé mímọ òtítọ́ kò tún un ṣe. A ti kúrò lórí ohun tí awọ gbà, a ti dé orí ohun tí ọpọlọ fi ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: igi ìtayín méjì

Èyí kò gùn. Ẹ di ojú ẹni kejì, kí ẹ fi igi ìtayín méjì tí ẹ̀ ń fi rúlà wọn àlàfo wọn kàn án jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sọ bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì. Ní orí ìka, á mọ̀ pé méjì ni, kódà bí àlàfo náà kò bá ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ní ẹ̀yìn ara, ẹ lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí i kí ó ṣì sọ pé ọ̀kan ni. Àyè tí ọpọlọ fún ìka àti ètè tóbi ju èyí tó fún gbogbo ẹ̀yìn lọ. Wilder Penfield, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Montreal, ló ya máàpù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ àwọn aláìsàn tó wà lójúfò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ihò tó wà nínú ojú yín

Ẹ fa àmì àgbélébùú kékeré kan sí apá òsì ìwé, kí ẹ kun àmì tóótó dúdú kan sí apá ọ̀tún, kí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá wà láàárín wọn. Ẹ dí ojú òsì. Ẹ fi ojú ọ̀tún wo àgbélébùú náà, ẹ má wo ibòmíràn, kí ẹ máa fà ìwé náà súnmọ́ yín díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí apá bá nà dé. Bí ó bá kù bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40, àmì dúdú náà á pòórá. Ẹ tún fà á súnmọ́ sí i, á padà.

Ibi tí iṣan ojú ti ń gba ẹ̀yìn ojú jáde lọ sínú ọpọlọ kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí i ní àwọn ọdún 1660. Ẹ wá fi rúlà fa ìlà kan gba àárín àmì dúdú náà kọjá, kí ẹ tún dán an wò. Àmì á pòórá, ìlà á máa lọ ní tirẹ̀ láìjá. Ta ló fa ìlà síbẹ̀? Ọpọlọ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín ló ti ń ṣe é.

Àpẹẹrẹ ìlà mìíràn tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ máa ń gbé jáde ni ti Franz Müller-Lyer, 1889: ìlà méjì tó gùn bákan náà, ọ̀kan ní orí ọfà tó kọjú síta, èkejì ní tirẹ̀ tó yí sínú, ọ̀kan á sì dà bí ẹni gùn ju èkejì lọ. Ohun tí ìwé kì í sábà sọ ni pé kò mú gbogbo ènìyàn bákan náà. Segall, Campbell àti Herskovits tẹ èsì ìwádìí jáde ní 1966, tí wọ́n ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà, Philippines àti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Evanston ní Illinois ló tàn jẹ jù. Àwọn San ti aṣálẹ̀ Kalahari, díẹ̀ báyìí ló fi tàn wọ́n. Wọ́n ní ilé onígun ló fà á. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Bó ti wù kó rí, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé “báyìí ni ojú ènìyàn ṣe rí” nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan péré ló yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kùn ún bí ìlù

Ìdánrawò yìí, àwa la ni ín. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn “Òṣogbo”: ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn àárín méjì. Ẹ bi ẹni kejì pé ìlú wo ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn “Ìlọrin.” Ohùn kan náà ni, kò sí etí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ mìíràn, pẹ̀lú ẹlòmíràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun àti arugbá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó kùn ún. Òṣogbo ni yóò sọ. Ẹ bá ẹnì kẹta sọ̀rọ̀ nípa ààfin ẹ́míà, ẹ kùn ún bákan náà. Ó di Ìlọrin, yóò sì sọ pé òun gbọ́ ọ kedere. Ohun tó wọ etí àwọn méjèèjì kò fi bíńtín yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ló yàtọ̀. Ẹ kùn “Ìbàdàn” fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó rí i pé kò gbà á, torí ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni, ìrètí nìkan kò lè sọ ọ́ di Òṣogbo. Ọpọlọ ń méfò, àmọ́ kò ń méfò láìwo ẹ̀rí.

Ìdí nìyẹn tí onídùndún kì í fi í sábà gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ó dúró. Oríkì gígùn ni, òwe odindi ni, kí ẹ̀rí lè pọ̀ fún etí. Irú rẹ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kì í fi àmì sí. “Mo ti ra oko” láti ọwọ́ awakọ̀, ọkọ̀ ni ẹ kà. Láti ọwọ́ àgbẹ̀, ọkọ́ ni, ẹ kò sì mọ̀ pé ẹ yan ọ̀kan.

Àfiyèsí ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú. Daniel Simons àti Christopher Chabris fi fídíò hàn àwọn ènìyàn ní 1999, wọ́n ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn. Ẹnì kan tó wọ aṣọ ìnàkí rìn gba àárín wọn kọjá, ó gbá àyà rẹ̀. Bí ìdajì àwọn tó ń wò kò rí i. Ẹni tó ń wakọ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè kọjú sí ọ̀nà gan-an kó má rí ọmọ tó ń sọdá.

Ìgbésẹ̀ keje: ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìró ṣíbí

Ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fún omi rẹ̀ sínú ife. Ẹ fi ṣíbí lu ife lẹ́ẹ̀kan; bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá kọjá, ẹ kán omi ọsàn kan sí ẹni kejì láhọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e mì, ẹ sinmi díẹ̀, kí ìsinmi náà má gùn bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ tún un ṣe tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá lu ife láìkán nǹkan kan. Itọ́ á sun.

Ìró gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kán ọsàn kí ẹ tó lu ife, ẹ ò ní rí nǹkan gidi. Ivan Pavlov, tí wọ́n ti fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní St. Petersburg pẹ̀lú ajá. Bí ẹ bá wá ń lu ife lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ọsàn, itọ́ á dáwọ́ dúró. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí itọ́ díẹ̀ tún sun. Ohun tí a kọ́ kò parẹ́, ó kàn sá pamọ́ ni.

Leon Kamin ló wá fi hàn ní òpin àwọn ọdún 1960 pé kí nǹkan méjì máa wáyé pọ̀ nìkan kò tó. Bí ẹranko bá ti mọ̀ pé ìró ń ṣáájú ìyà, tí wọ́n wá fi ìmọ́lẹ̀ iná kún ìró náà, kò ní kọ́ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀ náà. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kò sí ohun tó yà á lẹ́nu. Robert Rescorla àti Allan Wagner sọ ọ́ di ìṣirò ní 1972: bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá ṣe yàtọ̀ tó sí ohun tí a ń retí ni ẹ̀kọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ kan náà tí ọwọ́ yín ń wá nínú abọ́ omi ni.

Oúnjẹ kò tẹ̀ lé òfin pé ohun méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ra ní àsìkò. John Garcia fi hàn ní Amẹ́ríkà láti 1955 pé eku tó mu omi dídùn, tí inú rẹ̀ wá rú, kò ní fẹ́ adùn náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó, kódà bí wákàtí bá wà láàárín. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà lálẹ́, tí ibà wá mú un bì í lóru, lè má lè fojú rí ẹ̀wà fún ọdún gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, èyí kàn yín: ẹ má fi oògùn kíkorò sínú ògì ọmọ. Ọmọ lè gbé oògùn mì lónìí, kó sì kọ ògì láti ọ̀la lọ. Ohun mìíràn tí ọmọ kì í jẹ lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi gbé e fún un, bí dókítà bá ní kò léwu.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: adìẹ àti ìdérí pupa

Ẹ wá adìẹ tó mọ̀ yín, ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun. Ẹ fi ìdérí ìgò pupa kan sílẹ̀, kí ẹ di hóró àgbàdo mú lọ́wọ́. Ẹ má dúró kí ó sọ ìdérí lẹ́nu. Bí ó bá ti kọjú sí i, ẹ ju hóró kan sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti mọ ìyẹn, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má fún un mọ́ àfi bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó di dandan kí ó tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ọ́. Bí ó bá dàrú, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí hóró pẹ́. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré pẹ́, adìẹ ti yí orí sẹ́yìn, ìyípadà orí náà lẹ sì sanwó fún. B. F. Skinner fi irú ọ̀nà yìí kọ́ ẹyẹlé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù onígi ní Minneapolis ní 1943. Ṣáájú rẹ̀, ní 1898, Edward Thorndike ti kọ bí ológbò tó wà nínú àpótí ṣe ń yára jáde sí i bí ẹja bá ń dúró dè é níta.

Nígbà tí adìẹ bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ má fún un ní hóró nígbà gbogbo mọ́. Ẹ fún un lẹ́yìn ìsọ méjì, lẹ́yìn márùn-ún, lẹ́yìn ẹyọ kan, kí ó má lè mọ èyí tó máa mówó wá. Ẹ wá dáwọ́ àgbàdo dúró pátápátá, kí ẹ ka iye ìgbà tí yóò máa sọ ọ́ lásán. Yóò pọ̀ gan-an ju ti adìẹ tó ń gbà á nígbà gbogbo lọ. Ilé tẹ́tẹ́ mọ èyí dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kí ohun tí ẹ kọ́ má baà fò lọ

Hermann Ebbinghaus fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ohun tó ṣẹ́ kù fún un jẹ́ bíi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bíi 34. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, 21. Ẹ wò ó pé wákàtí àkọ́kọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní St. Louis ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún àyọkà kan kà, kí àwọn mìíràn pa ìwé dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù, 81 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: 42 ni tiwọn, 56 ni ti àwọn tó pa ìwé dé. Ìdí tí àtúnkà fi ń tan ni jẹ níyẹn. Alẹ́ ìdánwò ló ń ṣojú rere mọ.

Ẹ fi ohun tí ẹ kà níbí gan-an dán an wò. Ẹ pín orúkọ àwọn onímọ̀ tó wà lókè sí ọ̀nà méjì. Ìdajì kan, ẹ kàn máa tún un kà. Ìdajì kejì, ẹ kọ orúkọ sí iwájú páálí, kí ẹ kọ ìlú àti iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo iwájú, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ tó yí i padà. Ẹ ṣe é lálẹ́ òní, lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àkókò tí ẹ lò fún méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni kejì bi yín ní gbogbo rẹ̀ láìtò ó, kí ó sì kọ iye tí ẹ gbà nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá rántí ìdáhùn páálí kan, ẹ méfò ná, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa ṣì í, kí ẹ tó yí i padà.